Kọ́míìkì àtijọ́ di owó ńlá lókè òkun: Níbo ni Powerman àti Atọ́ka tẹ́ ẹ rà nígbà yẹn wọlẹ̀ sí?

Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan wà ní California, l'Amẹ́ríkà, tí ìyá wọn ti dágbére fáyé. Nígbà ayé ẹ̀, màmá yìí máa ń sọ fún wọn pé òun ní àwọn ìwé kọ́míìkì àtijọ́ kan tó níye lórí, ṣùgbọ́n kò fi hàn wọ́n rí, àwọn ọmọ náà ò sì ka ọ̀rọ̀ ọ̀hún sí. Àfìgbà tó di ọdún 2024, tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù ìyá wọn mọ́ lókè àjà, ni wọ́n bá páálí kan lábẹ́ òkìtì ìwé ìròyìn àtijọ́. Kí ni wọ́n máa tú nínú ẹ̀? Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé Superman tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1939! Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ti gbé e lọ sọ́jà gbàǹjo Heritage ní Texas, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là ó lé díẹ̀ ($9.12m) sì lẹnì kan kó kalẹ̀ fún un. Ìwé ọmọdé o. Sẹ́ńtì mẹ́wàá péré ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde.

Ẹ sọ irú ìtàn yìí fún ìyá tó ń ta àkàrà n'Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rín ló máa fi yín rín. Lójú ọjà, bébà ni bébà ń jẹ́. Kílò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìwé ìròyìn ni o, ìwé iléèwé ọmọ ni o, ìwé àwòrán ni o, tí epo bá ti lè kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹlẹ́pà á ká a bí àrọ, onísúyà á fi di ẹran, ẹni tó rà á á jẹ ohun tó wà nínú ẹ̀ tán, á rún ìyókù mọ́wọ́, á sọ ọ́ sí gọ́tà. Kò sẹ́ni tó máa ń bi bébà léèrè pé kí lorúkọ ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ bébà kan ju bébà kan lọ. Àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa ò ní í gbàgbé Lance Spearman tí wọ́n ń pè ní Spear. Ìwé tó ń jẹ́ African Film, tí iléeṣẹ́ Drum gbé jáde nígbà tí ọdún 1960 ń lọ sópin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ló ti ń jà. Fọ́tò ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò yà á. Ọkùnrin South Africa kan, Jore Mkwanazi, ló ń ṣe Spear: ọmọkùnrin tó dé fìlà Panama, tó so bọ́táì mọ́rùn, tí sìgá ńlá ò kúrò lẹ́nu ẹ̀, tó sì ń lu àwọn ọ̀daràn bí ẹni lu bàrà. Kò lè fò bíi Superman, ṣùgbọ́n adúláwọ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé òyìnbó ló kún inú kọ́míìkì tó kù lọ́jà. Àwọn ọmọ iléèwé ń yá a lọ́wọ́ ara wọn títí tí ẹ̀yìn ìwé fi máa ń já.

Lásìkò yẹn náà ni Atọ́ka jáde lédè Yorùbá, láti ọ̀dọ̀ West African Book Publishers l'Ékòó. Fọ́tò lòun náà, àwọn eléré orí ìtàgé ló sì wà nínú ẹ̀, irú ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí, tí Lérè Páímọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíátà. Wọ́n á ya eré náà ní fọ́tò-fọ́tò, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sókè orí wọn. Ohun tó jẹ́ kí Atọ́ka ṣe pàtàkì lónìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ń gbé ká gbogbo ìlú láyé ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ká wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe múra, bí wọ́n ṣe fajú ro, ohun tí wọ́n sọ síra wọn, inú Atọ́ka ló máa wò ó. Tí Atọ́ka ọ̀hún bá wá ti di ohun tí wọ́n fi di àkàrà, eré náà ti kú ikú ẹ̀ẹ̀kejì.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti Powerman. Ọdún 1975 ló jáde, Nàìjíríà nìkan sì ni wọ́n ṣe é fún. Akọni aláwọ̀ dúdú ni, ó lágbára, ó ń fò, ejò nìkan lẹ̀rù ẹ̀, torí tí ejò bá bù ú jẹ, agbára tán. Ṣùgbọ́n ìlú ọba ni wọ́n ti ń yà á. Ọ̀dọ́kùnrin méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ nígbà yẹn, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ni wọ́n ń gbà á yà fúnra wọn. Kódà, wọ́n ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà sára àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí òǹkàwé lè mọ èyí tó máa kọ́kọ́ kà! Ṣẹ́ ẹ rí wọn, àfi bíi pé àwọn tó ka Lance Spearman ò mọ ọ̀nà. Kò pẹ́ kò jìnnà, Gibbons ya Watchmen lọ́dún 1986, Bolland ya The Killing Joke ti Batman lọ́dún 1988, ni àwọn méjèèjì bá di ìràwọ̀. Láti ìgbà náà làwọn tó ń kó kọ́míìkì jọ nílùú òyìnbó ti ń wá ìwé tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́, ìwé tó jẹ́ pé orí àtẹ ní Nàìjíríà ni wọ́n ti tà á. Ohun tí wọ́n ń fojoojúmọ́ wá, ó lè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá kan níbí, ó sì lè ti bá ẹ̀pà lọ láti ọdún 1980.

Kó má jọ pé òyìnbó gbọ́n jù o. Àwọn náà ò mọyì ẹ̀ nígbà kan. Ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ yọjú nínú ìwé Action Comics, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́wàá (200,000) ni wọ́n tẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù láyé báyìí, àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ní kò ju bí ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn ìyá da tiwọn nù nígbà tí ọmọ lọ síléèwé gíga. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ní kí ọmọdé kó bébà jáde fún ìlò ogun, kọ́míìkì sì bá a lọ rẹpẹtẹ. Àìsí tó wá wà yẹn ló sọ ọ́ di wúrà. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, ẹ̀dà kan lára Action Comics yẹn lọ ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là.

Àwọn tó dá Superman sílẹ̀ ńkọ́? Jerry Siegel àti Joe Shuster ta akọni wọn ní àádóje dọ́là ($130) géérégé, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún rojọ́ nílé ẹjọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dunni: sọ̀wédowó tí wọ́n fi san owó náà, bébà pélébé yẹn, $160,000 ni wọ́n tà á lọ́jà gbàǹjo lọ́dún 2012.

Àwọn olè náà ti mọ̀ ọ́n. Gbajúmọ̀ òṣèré Nicolas Cage ra Action Comics tiẹ̀ ní $150,000 lọ́dún 1997. Lóṣù kìíní ọdún 2000, wọ́n jí i gbé nílé ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi dàwátì kí wọ́n tó tú u síta nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní California. Ọdún 2011 yẹn kan náà ló tà á, $2.16m.

Ojúlówó àwòrán tí ayàwòrán fọwọ́ ara ẹ̀ yà, kó tó dé ibi ìtẹ̀wé, tún lọ́jà tiẹ̀, torí òun ò ní ẹnìkejì láyé. Hergé, ọmọ Belgium tó dá Tintin sílẹ̀, ya àwòrán kan lọ́dún 1936 fún èèpo ìwé, wọ́n ní ó máa wọ́n jù láti tẹ̀. Ló bá fún ọmọdékùnrin kan nílé àwọn tó ń tẹ ìwé ẹ̀, ìyẹn ká a, ó kì í sínú dúrọ́ọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po ṣì hàn rekete lára ẹ̀ nígbà tí wọ́n tà á ní Paris lóṣù kìíní ọdún 2021, €3.2m. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ojú ewé kan ṣoṣo tí Mike Zeck yà fún Marvel, níbi tí Spider-Man ti kọ́kọ́ wọ aṣọ dúdú, lọ ní $3.36m. Bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ kọ́míìkì l'Amẹ́ríkà ò kì í dá àwòrán padà fún ayàwòrán tẹ́lẹ̀. Jack Kirby, tó bá Marvel dá Hulk àti Fantastic Four sílẹ̀, bá wọn fà á títí di ọdún 1987 kí wọ́n tó dá bí ẹgbẹ̀rún méjì ojú ewé padà fún un, kò sì tó ìdá mẹ́rin ohun tó yà fún wọn.

Tí wọ́n bá wá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé orí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ò ní í rọrùn. Akínọlá Lásẹ̀kan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ló ń fi àwòrán bú òyìnbó amúnisìn nínú West African Pilot láti ọdún 1944. Wálé Adénúgà gbé Ikebe Super jáde lọ́dún 1976, ibẹ̀ ni Papa Ajasco ti wá kó tó dé orí tẹlifíṣàn. Ìtàn nìwọ̀nyí. Ojú ewé tí wọ́n fi yíǹkì yà fúnra wọn, ẹni tó bá ní ọ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ní ohun tí kò sẹ́ni tó tún lè tẹ̀.

Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má fi owó oúnjẹ ra kọ́míìkì o. Lọ́dún 1992, nígbà tí wọ́n ní Superman kú, mílíọ̀nù èèyàn ló sáré rà á, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sínú náílọ̀n bí owó orí ìyàwó, pé ó máa kọ́lé fún àwọn. Nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ayé ló ní in, ta ló máa wá rà á? Owó táṣẹ́rẹ́ ló ń lọ títí dòní. Marvel gan-an wọ gbèsè débi tí wọ́n fi sá di ilé ẹjọ́ lóṣù kejìlá ọdún 1996.

Ẹni tó bá ní Atọ́ka tàbí Powerman nínú àpótí, kó má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, kò dára fún un. Kó má ko bíró sí i, kó má sá a sóòrùn pé ó ti ń rùn. Píìnì tó ti dípẹtà, kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kó tẹ́ ẹ gbọọrọ sínú náílọ̀n mímọ́, kó gbé e sókè kúrò nílẹ̀ nítorí ikán àti òjò. Kó sì sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀ ibi tó wà.