Ta Gan-an Ni Oníbàárà Wọn?

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2016 tí MMM, ètò tó ń ṣèlérí èrè ńlá lórí owó, ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, títí dé oṣù Kẹrin ọdún 2025 tí CBEX ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, tí àwọn tínú ń bí sì ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ n'Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́gbọ́n pé owó kì í pọ̀ sí i lójú oorun. Bí àjèjì bá ní ká kówó wá kí òun sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, a ó fura. Ṣùgbọ́n oríṣi jìbìtì kan wà tí kì í ṣèlérí owó ọ̀fẹ́ rárá. Iṣẹ́ ló ń ṣèlérí. Yóò ní kí ẹni tó bá fẹ́ là ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó máa jí ní kùtùkùtù, kí ó sì di ọ̀gá ara rẹ̀; òun yóò fún un ní orúkọ tí yóò máa lò, ìwé ìlànà, ẹ̀kọ́ ọjọ́ mélòó kan àti agbègbè tí ẹlòmíràn kò ní bá a dù. Owó ìwọlé nìkan ló kù. Àwọn tí wọ́n gbọ́n tó láti sá fún MMM gan-an ni irú èyí ń mú, torí pé wọ́n ti gbà lọ́kàn wọn pé ibi tí iṣẹ́ bá wà, ẹ̀tàn kò lè sí níbẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń wá, ẹni tí ilé iṣẹ́ dá dúró tó sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀dọ́ tó parí yunifásítì tí kò ríṣẹ́, àti àwọn ọmọ wa ní Houston tàbí Lọ́ńdọ̀nù tí iṣẹ́ alẹ́ ti sú. Ohun tí wọ́n ń tà máa ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà kan wà tó jẹ́ pé kíkọ ìwé owó ìtọ́jú fún àwọn dókítà láti ilé ẹni ló gbòde. Wọ́n á ta ètò kọ̀ǹpútà fún ènìyàn pẹ̀lú orúkọ àwọn dókítà tí wọ́n ní ó ń wá òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà náà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lónìí, ìmọ̀ràn ló gbòde. Wọ́n á ní kí ẹ ra ẹ̀tọ́ láti máa gba àwọn onílé iṣẹ́ kéékèèké nímọ̀ràn lábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní franchise, tàbí kí ẹ sanwó fún coaching tí yóò sọ yín di oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èló ni mo máa rí níbẹ̀ lóṣù? Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè, olùtajà sì ti ní ìdáhùn rẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ilé àti ọkọ̀. Ìbéèrè mìíràn ni mo gbà pé ó yẹ kó ṣáájú: ẹni tó ń ta òwò yìí, ta ni oníbàárà òun fúnra rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó ń ra ọjà tàbí iṣẹ́ náà ni owó rẹ̀ ti ń wá, ó ṣeé ṣe kó ní òwò tòótọ́ lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn bíi tiyín, tí wọ́n ń ra àǹfààní láti ṣe òwò, ni owó rẹ̀ ti ń wá, a jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni oníbàárà rẹ̀, ohun tó sì fẹ́ lára yín ti parí lọ́jọ́ tí ẹ bá ti sanwó.

Ọ̀gá aránṣọ tó gba ọmọ iṣẹ́ ní Mushin tàbí Òṣogbo lè gba owó lọ́wọ́ òbí ọmọ náà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò rí aṣọ tí wọ́n kó wá fún rírán, yóò sì bá oníbàárà tó ń pariwo pé aṣọ ọdún òun kò tíì jáde. Bí gbogbo ọmọ iṣẹ́ bá lọ lónìí, ọ̀gá yẹn yóò ṣì jẹun lọ́la. Ọ̀gá tí kò ní ìrépé aṣọ kan nílẹ̀, tó jẹ́ pé owó ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ nìkan ló fi ń gbọ́ bùkátà, kò ní iṣẹ́ tó lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Bí franchise tó mọ́ ṣe rí náà nìyẹn. Onílé iṣẹ́ gba owó ìwọlé, lẹ́yìn náà ó ń gba ìpín díẹ̀ nínú ohun tí ẹ bá tà lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù. Bí ẹ kò bá rí tà, òun náà ń pàdánù, torí náà ó ní ìdí láti wá wò yín, láti tọ́ yín sọ́nà, kódà láti kọ owó ẹni tí kò lè ṣe é. Níbi tí owó ìwọlé bá ti tóbi, tí ìpín ọjọ́ iwájú sì kéré tàbí tí kò sí rárá, kò sí ohun tí onílé iṣẹ́ pàdánù bí ẹ bá kógbá sílé. Ó tilẹ̀ lè ta agbègbè yín fún ẹlòmíràn.

Ti ìmọ̀ràn tún le ju ti oúnjẹ tàbí aṣọ lọ, ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ lórí èyí. Ẹni tó ra franchise ilé oúnjẹ tó lókìkí ń ra orúkọ tí àwọn ará ìlú ti mọ̀. Wọ́n á wọlé torí pé wọ́n ti jẹun lábẹ́ orúkọ yẹn rí. Ẹni tó ra franchise ìmọ̀ràn ń ra orúkọ tí onílé búrẹ́dì tàbí onílé ìtẹ̀wé tó fẹ́ lọ bá kò gbọ́ rí láyé. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa kan ilẹ̀kùn kiri, òun ni yóò máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbọ́ tòun, nígbà tí ìrírí rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà kò ju ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí ó bá rí oníbàárà, ojúlùmọ̀ rẹ̀ àtijọ́ àti ọgbọ́n tó ti kó jọ lẹ́nu iṣẹ́ ló mú un wá. Kí wá ni owó ńlá tó san wà fún? Ìmọ̀ràn kò ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó rà á kò lè tètè mọ̀ pé òfìfo ni, ìdí sì nìyẹn tí àwọn oníjìbìtì fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Glenn Turner, ọmọ àgbẹ̀ aláìní kan láti South Carolina ní Amẹ́ríkà, dá Koscot Interplanetary sílẹ̀ ní Florida ní ọdún 1967 láti máa ta ohun ìṣaralóge. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìpele òkè níbẹ̀ san dọ́là 5,000, owó rẹpẹtẹ láyé ìgbà náà, èrè tó wà nínú mímú ẹlòmíràn wọlé sì ju èrè orí ìpara lọ. Lẹ́yìn èyí ló dá Dare To Be Great sílẹ̀, níbi tí kò ti sí ìpara kankan mọ́: ẹ̀kọ́ bí ènìyàn ṣe lè di ẹni ńlá ló ń tà. Ìpele kìíní jẹ́ dọ́là 300, ẹni tó rà á sì gba ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kékeré kan pẹ̀lú téèpù ẹ̀kọ́. Ìpele tó ga jù jẹ́ dọ́là 5,000. Ẹni tó bá ra ìpele òkè ló ní ẹ̀tọ́ láti ta ètò náà fún ẹlòmíràn kó sì gba ìpín tirẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn tó ti wọlé pé kí wọ́n máa ṣe bí olówó lójú àwọn àlejò tí wọ́n mú wá sí ìpàdé, kódà bí wọn kò bá tíì rí kọ́bọ̀. Ní ọdún 1973, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ fara mọ́ àṣẹ tó dá títa Dare To Be Great dúró. Ní 1975, àjọ FTC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà ṣe ìdájọ́ Koscot, ìlànà tó gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn adájọ́ sì ń lò títí dòní: píràmíìdì ni òwò tí ènìyàn ti ń sanwó fún ẹ̀tọ́ láti tajà àti ẹ̀tọ́ láti gba èrè lórí àwọn tó bá mú wọlé, nígbà tí èrè yẹn kò so mọ́ títa ọjà fún ẹni tó fẹ́ lò ó. Kì í ṣe bóyá ìpara wà nílẹ̀ ni FTC wò. Ibi tí owó ti ń wá ló wò.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, àjọ yìí kan náà gbé ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ MOBE lọ sílé ẹjọ́ ní Florida. Ètò ìgbésẹ̀ 21 ni wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 49 péré ni ènìyàn sì fi ń wọlé. Ẹ̀sùn FTC ni pé bí ènìyàn bá ti wọlé, wọn yóò máa tì í láti ìpele kan sí òmíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, títí àwọn kan fi pàdánù ohun tó lé ní dọ́là 20,000. Òwò tí wọ́n sì ní àwọn ń kọ́ wọn? Títa àwọn ìpele yẹn gan-an fún ẹlòmíràn ni. Àjọ náà ní owó tí wọ́n gbà lé ní mílíọ̀nù 125 dọ́là. Nígbà tí yóò fi di 2022 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà, bíi mílíọ̀nù 23 ló wà láti pín. Ẹni tó bá ń rò pé òfin yóò bá òun gba owó òun padà, kó wo àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì yẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí òwò tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni kó tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tí ènìyàn fi ra ẹ̀rọ tàbí ọjà ṣì wà nínú ẹ̀rọ àti ọjà náà; bí òwò bá wó, yóò rí díẹ̀ tà nínú rẹ̀. Owó ìwọlé àti owó ẹ̀kọ́ ti lọ pátápátá. Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí ẹni tí wọ́n mọ̀ tó ti là níbẹ̀. N kò jiyàn pé irú wọn wà, ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ohun tó tà: ṣé ìmọ̀ràn ló tà fún àwọn onílé iṣẹ́, àbí ètò náà ló tà fún àwọn ènìyàn bíi tiyín?

Àtakò tó máa ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ní ọ̀lẹ ni gbogbo ẹni tí kò rí i ṣe. Àwọn tó tà á ni wọ́n kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àwọn tí wọ́n jà lólè sì gbà á gbọ́, wọ́n wá ń dá ara wọn lẹ́bi. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ní láti mú ènìyàn márùn-ún wọlé kí owó rẹ̀ tó padà, márùn-ún di 25, 25 di 125. Ní ìpele kẹwàá ó ti lé ní mílíọ̀nù 9.7, ní ìpele kẹtàlá ó ti ju bílíọ̀nù kan lọ. Nàìjíríà lódindi kò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣaápọn tó tí yóò fi dá ènìyàn tí kò sí. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n sì máa ń pọ̀ jù, ti pàdánù kí wọ́n tó jí láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́.

“Wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba” ni ọ̀rọ̀ tó kù. Ìwé ẹ̀rí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, fi hàn pé ilé iṣẹ́ kan wà lórí ìwé. Kò jẹ́rìí pé òwò rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú gbọ́dọ̀ gba àṣẹ SEC, àjọ tó ń ṣàkóso ìdókòwò, òfin ìdókòwò tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2025 sì fi ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣe ètò bíi MMM. Àwọn tí à ń sọ yìí ní tiwọn yóò ní ẹ̀kọ́ làwọn ń tà, àwọn kò gba owó ìdókòwò. Òfin franchise kan pàtó kò sì tíì sí ní Nàìjíríà. Ohun tó wà ni pé àdéhùn tó bá mú orúkọ tàbí ìmọ̀ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ òkèèrè wọlé gbọ́dọ̀ dé iwájú NOTAP, àjọ ìjọba tó ń forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kó tó pé ọgọ́ta ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè fún ìwé yẹn.

Ní Amẹ́ríkà, òfin fún olùrà ní agbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá lò ó. Ẹni tó ń ta franchise gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ìtúpalẹ̀ tó ní abala 23, ó kéré tán ọjọ́ 14 kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan tàbí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Fún àwọn òwò kéékèèké tí kì í ṣe franchise, ojú ewé kan ni, ọjọ́ méje ṣáájú, láti ọdún 2012. Nínú ìwé franchise, abala 3 yóò sọ ẹjọ́ tó wà lọ́rùn wọn. Abala 19 ni ibi tí wọ́n lè kọ iye tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń pa sí. Òfin kò fi dandan mú wọn kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá ṣófo tí olùtajà sì ń fẹnu ka owó fún yín, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Abala 20 ló níye lórí jù lójú mi, torí pé orúkọ àwọn tó ti kúrò nínú òwò náà lọ́dún tó kọjá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà láti kàn sí wọn. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ pè, ẹ má fi mọ sí àwọn tí olùtajà fúnra rẹ̀ dárúkọ, torí FTC ti tú àṣírí àwọn tí wọ́n ń sanwó fún kí wọ́n máa jẹ́rìí èké. California, Minnesota àti Wisconsin gbé ìwé yìí síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó bá wá ta franchise l'Ékòó yẹ kó ní irú ìwé yìí nílé. Bí ó bá kọ̀ láti fi hàn yín, ó ti dá yín lóhùn.

Owó ìfẹ̀yìntì nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀nà kan wà ní Amẹ́ríkà tí ènìyàn lè gbà fi owó tó ti kó jọ fún ọjọ́ ogbó ra franchise láìsan owó orí lé e lórí. Àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀, IRS, yẹ irú àwọn òwò bẹ́ẹ̀ wò láti ọdún 2009, ohun tí wọ́n rí ni pé púpọ̀ jù nínú wọn ti wó tàbí wọ́n ti ń wó lọ, àwọn tó ni wọ́n sì ti pàdánù owó tí wọn ì bá fi jẹun lọ́jọ́ alẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wa tó wà lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ mọ èyí kí wọ́n tó fọwọ́ kan owó yẹn, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ tàbí ọmọ ìlú kan náà ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ẹni náà lè má mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń wá bí owó tirẹ̀ yóò ṣe padà.

Ẹni tó bá sì ti sanwó, kó má san ẹlẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ó fẹ́ gba ti àkọ́kọ́, kó sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá pè é pé òun lè bá a gba owó náà padà bí ó bá lè kọ́kọ́ san nǹkan díẹ̀. Kó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tàbí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, bí ó bá wà ní Nàìjíríà, sí FTC bí ó bá wà ní Amẹ́ríkà, kó sì so rìsíìtì àti àdéhùn mọ́ ọn. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ṣe èyí. Wọn kì í fẹ́ kí aya, ọkọ tàbí ọmọ mọ iye tó lọ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni olùtajà fi ń rí ẹlòmíràn mú, torí pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí ẹnì kan bi léèrè, yàtọ̀ sí àwọn tí olùtajà ti fún lówó.