Ilé-Iṣẹ́ Àkókó àti Okùn Ìsàlẹ̀ Òkun

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn ńlá mẹ́rin tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba ìsàlẹ̀ òkun wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast. Iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ báńkì Nàìjíríà; oníbàárà ní owó, kò rí i gbà. A mú ọ̀ràn yìí wá síwájú àwọn òǹkàwé wa nítorí pé a fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ wà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, kí àwọn ọ̀dọ́ wa má baà máa fi gbogbo ìgbà wá iṣẹ́ lọ sí Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gẹ́ tí a bá hú lónìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 2 sí 3. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tí yóò sọ ọ́ di ìyẹ̀fun kò gbọdọ̀ jìnnà sí oko, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró. Bí ooru ẹ̀rọ tí ń mú ìyẹ̀fun gbẹ bá pọ̀ jù, ìyẹ̀fun yóò jóná. Bí ó bá kéré jù, omi yóò kù nínú rẹ̀, yóò sì bu kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Kọ̀ǹpútà kékeré tí a so mọ́ ara ẹ̀rọ náà lè máa ṣọ́ ooru yìí, kí ó sì dín iná kù kí a tó ṣẹ́jú. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ‘edge’. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ní ìlú òkèèrè ni yóò máa pàṣẹ, tí okùn sì já, kí ni a ó ṣe?

Síbẹ̀, a kò sọ pé kí a kẹ̀yìn sí ilé ìpamọ́ ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń pè ní ‘cloud’, bí ẹni pé inú àwọsánmà ni ó wà. Ilé gidi ni, kọ̀ǹpútà ni ó kún inú rẹ̀, iná mànàmáná tí ó sì ń jẹ kò kéré. Bí ilé-iṣẹ́ bá jóná, tàbí bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ, àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ yóò wà níbẹ̀ láìséwu. Níbẹ̀ náà ni a ti lè fi iṣẹ́ oṣù kan wé ti òmíràn, kí a sì mọ ẹ̀rọ tí ó ń gbó.

Àwọn olùkọ́ yóò tètè mọ ohun tí a ń wí. Olùkọ́ kì í dúró de àṣẹ Àkúrẹ́ kí ó tó pe orúkọ àwọn ọmọ ní òwúrọ̀. Inú kíláàsì ni ìwé orúkọ wà. Ṣùgbọ́n iye àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ dé Àkúrẹ́, bí ọ̀nà bá sì bàjẹ́, ìwé yóò dúró de ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ máa tọ́jú àkọsílẹ̀ títí okùn yóò fi padà bọ̀ sípò.

Yunifásítì tí a fi orúkọ olóògbé Adékúnlé Ajásin pè wà ní Àkùngbá, láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ajásin yìí wà lára àwọn tí ó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 kalẹ̀. Kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá ṣèlérí ilé-iṣẹ́, bi í léèrè: bí okùn bá já, ọjọ́ mélòó ni ẹ̀rọ náà yóò fi ṣiṣẹ́? Bí iná bá lọ, bátìrì wo ni yóò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀? Ta ni yóò sì tún un ṣe nínú àwọn ọmọ tí a kọ́ ní Àkùngbá?