Àìsàn inú àpò ẹpọ̀n: Ìdí tí ó fi yẹ kí ọkùnrin máa yẹ ara rẹ̀ wò

Ní ọjà Oliha tí ó wà ní òpópónà Siluko, ní ìlú Benin, ìpínlẹ̀ Edo, ọkùnrin lè sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro tàbí ibà ní gbangba láìtijú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí ó wà lábẹ́ ṣòkòtò, ohùn a máa lọ sílẹ̀. Ẹni tí àpò ẹpọ̀n rẹ̀ bá wú lè fi í pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí pé ìpá, orúkọ tí Yorùbá ń pe irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ti di ọ̀rọ̀ àwàdà àti èébú láti ìgbà pípẹ́. Ìpamọ́ yìí léwu, nítorí pé ọ̀kan wà nínú àwọn àìsàn náà tí kì í fúnni ní ààyè ju wákàtí mélòó kan lọ.

Èyí ni kí kóró ẹpọ̀n lọ́. Okùn tí kóró náà fi rọ̀, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ni ó máa ń lọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fún aṣọ tútù, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 18, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lójú oorun. Ìrora òjijì ní ẹ̀gbẹ́ kan ni àmì rẹ̀, pẹ̀lú èébì, kóró tí ó lọ́ náà a sì máa gòkè ju èkejì lọ. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí 6, wọ́n sábà máa ń gbà á là. Bí ó bá di ọjọ́ kan gbáko, ó sábà máa ń ti kú. Ìtìjú lè mú kí ọmọ náà sọ fún ìyá rẹ̀ pé inú ni ó ń run òun. Kò sí àgbo tàbí oògùn apàrora tí ó lè tú ohun tí ó ti lọ́. Ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní oníṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Ní ti àwọn ará Oliha, Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Benin, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1973, kò jìnnà sí wọn ní Ugbowo.

Kì í ṣe gbogbo wíwú ni ó le tó bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Yorùbá sábà máa ń pè ní ìpá. Èkíní ni omi tí ó máa ń kó jọ yí kóró ẹpọ̀n ká. Bí dókítà bá tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ a gba inú rẹ̀ kọjá. Aràn tíntìntín kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, èyí kan náà tí ó ń fa ẹsẹ̀ wíwú tí a mọ̀ sí jàkùtẹ̀, lè fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 25 ọkùnrin ni aràn yìí ti sọ di olómi lápò ẹpọ̀n. Oògùn tí wọ́n ń pín fún gbogbo ará ìlú lọ́dọọdún ni orílẹ̀-èdè Togo fi ṣẹ́gun rẹ̀, tí ó fi di àkọ́kọ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí Àjọ náà fọwọ́ sí i, ní ọdún 2017, pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Iṣẹ́ abẹ ni ó ń wo omi tí ó ti kó jọ ná.

Ìpá kejì ni ti ìfun tí ó já gba abẹ́ ikùn wọ àpò ẹpọ̀n. Àwọn alábàárù tí ń ru àpò gàrí àti iṣu lójoojúmọ́ ní láti ṣọ́ èyí. Ó lè wọlé padà bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀. Bí ó bá kọ̀ tí kò wọlé mọ́, tí ó le, tí ó ń dunni, tí èébì sì bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ di pàjáwìrì nìyẹn.

Àtọ̀sí lè ran kóró ẹpọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni àrùn sẹ́gẹdẹ tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú lè ràn án lára ọkùnrin tí ó ti bàlágà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tún lè wú lókè kóró, pàápàá ní apá òsì, bí ìgbà tí ekòló bá kó jọ. Ó tó ọkùnrin 15 nínú 100 tí ó ní irú rẹ̀, ó sì lè dín agbára àtọ̀ kù. Ìyàwó ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ bi léèrè bí ọmọ bá pẹ́ dé!

Jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú bíi ti àwọn aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń mú jù. Ní oṣù Keje ọdún 2022, Sébastien Haller, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Ivory Coast, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹgbẹ́ Borussia Dortmund ní Jámánì nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní in. Ọmọ ọdún 28 ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó gba oògùn jẹjẹrẹ, ó sì padà sórí pápá ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, ní Abidjan, òun ni ó gbá góòlù tí Ivory Coast fi borí Nàìjíríà ní 2 sí 1 nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Bí góòlù náà ti dunni tó, kò sí ẹ̀rí tí ó yè kooro jù ú lọ pé àrùn yìí ṣeé wò. Ẹni tí wọ́n sì yọ kóró kan fún ṣì lè bímọ pẹ̀lú èkejì.

Yíyẹ ara ẹni wò kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ọkùnrin bá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, tí àpò ẹpọ̀n rẹ̀ ti rọ̀, kí ó fi àtàǹpàkò àti ìka yí kóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí ẹ̀rù má bà á bí ọ̀kan bá tóbi díẹ̀ tàbí tí ó rọ̀ sílẹ̀ ju èkejì lọ. Ohun rírọ̀ bí okùn tí ó wà lẹ́yìn kóró kì í ṣe àrùn pẹ̀lú, ibẹ̀ ni àtọ̀ ti ń gbó. Ohun tí ó ń wá ni kókó líle bí èso ẹ̀wà, èyí tí kì í sábà dunni, tàbí kóró tí ó tóbi tàbí tí ó wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Gbogbo onímọ̀ kọ́ ni ó fara mọ́ èyí. Ní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí ẹni tí kò ní àmì àìsàn má ṣe máa wá jẹjẹrẹ yìí kiri, nítorí pé kò wọ́pọ̀, ó sì ṣeé wò bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí owó iṣẹ́ abẹ ti ń ti àpò aláìsàn jáde, ẹni tí ó tètè mọ̀ yóò náwó díẹ̀.

Ó ku ti àwọn ìyá. Bí wọ́n bá ń wẹ ọmọkùnrin, kí wọ́n wò ó bóyá kóró méjèèjì wà nínú àpò. Bí ọ̀kan kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ọmọ pé oṣù 6, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kí ó tó pé oṣù 18, nítorí pé kóró tí ó dúró sínú ikùn ni jẹjẹrẹ máa ń mú jù lọ́jọ́ iwájú.