Kí Ìgboro Ìlú Lè Gba Ènìyàn Mọ́ra

Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìdúmọ̀tà dé Marina ní ọ̀sán gangan yóò rí ilé gogoro, yóò rí báńkì, yóò rí ọjà tí kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ibi tí yóò fìdí lé ni yóò wọ́n ọn. Bí ó bá dúró pẹ́ níwájú ilé oníṣòwò kan, ẹ̀ṣọ́ yóò bi í pé ta ni ó ń wá. Bí ilẹ̀ bá sì ń ṣú lọ, olúkúlùkù a sáré wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ ilé, bí ẹni pé ìgboro náà ti lé e. Ọ̀ràn Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn kò sàn ju èyí lọ. A kò gbà pé bí ó ti yẹ kí àárín ìlú rí nìyí.

Àwọn baba wa kò kọ́ ìlú bẹ́ẹ̀. Níwájú ààfin ni ojúde máa ń wà, tí ọjà ọba yóò sì wà nítòsí rẹ̀. Igi òdán ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, kì í ṣe nítorí èso, bí kò ṣe nítorí ibòji. Lábẹ́ rẹ̀ ni àgbà ti ń ta ayò, ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń tàn, ibẹ̀ sì ni àlejò tí kò mọ ẹnì kan lè jókòó sí títí ẹnì kan yóò fi bi í pé ọmọ ta ni. Títí di òní ni Abẹ́òkúta ń pe àdúgbò ní Ìta Òṣìn àti Ìta Ìyálóde, tí Èkó sì ń pe tirẹ̀ ní Ìta Fàájì. Orúkọ ṣì wà. Ìta gan-an ni mọ́tò ti gbà mọ́ wa lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 1961, ìlú New York ní Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé, bí ẹni tí ń kọ́ ilé gogoro bá fi ilẹ̀ gbayawu sílẹ̀ níwájú rẹ̀ fún ará ìlú, a ó gbà á láyè kí ó fi àjà kún ilé náà. Àwọn onílé gba ẹ̀bùn yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Ilẹ̀ gbayawu pọ̀ síi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣófo. Ọkùnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn rí, William H. Whyte, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kalẹ̀, wọ́n sì ń ka àwọn tí ó wá, àwọn tí ó jókòó àti ibi tí wọ́n jókòó sí. Ó tẹ àbọ̀ iṣẹ́ náà ní ìwé ní ọdún 1980. Èsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín: ibi tí ibi ìjókòó bá wà ni àwọn ènìyàn ń jókòó sí! Ó tún rí i pé igi, omi àti oúnjẹ a máa fa èrò, àti pé èrò gan-an ni ó ń fa èrò jùlọ. Bí obìnrin bá kéré níbì kan, ó ní nǹkan kan ń bẹ níbẹ̀ tí kò tọ́, nítorí obìnrin a máa fara balẹ̀ yan ibi tí yóò jókòó ju ọkùnrin lọ.

Lẹ́yìn ilé ìkàwé ńlá ìlú yìí ni ọgbà kan wà tí à ń pè ní Bryant Park. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn tí ń ta oògùn olóró ni ó gbà á, ará ìlú a sì máa yà fún un. Ẹlòmíràn ìbá ní kí a mọ odi tí ó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Whyte sọ òdìkejì rẹ̀: odi náà ni àrùn tí ń ṣe ọgbà. Ilẹ̀ rẹ̀ ga ju òpópó lọ, irin àti igi tí ó dí yí i ká, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò tó. Ẹni tí ó wà níta kò rí inú, ẹni tí ó wà nínú kò sì mọ ibi tí yóò sá gbà. Wọ́n ti ọgbà náà ní 1988. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà ní 1992, wọ́n ti mú kí ojú ríran wọ inú rẹ̀, wọ́n ti la ẹnu ọ̀nà síi, wọ́n sì kó àga síbẹ̀ tí a kò dè mọ́lẹ̀, kí olúkúlùkù lè gbé tirẹ̀ lọ sínú ibòji. Èrò kún ibẹ̀ títí di òní. Àwọn oníṣòwò àyíká wà lára àwọn tí ń dáwó fún ìtọ́jú rẹ̀; èyí kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí ẹni tí ó bá ń san owó lè fẹ́ di onílé lọ́la.

Nílé níhìn-ín, Èkó ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ẹ̀wọ̀n Broad Street tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ayàwòrán ilé nì, Theo Lawson, sọ di Freedom Park, tí a ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn rí ni pèpéle eré wà nísinsìnyí. Ẹ wo ohun tí ó rọrùn láti ṣe sí ojúde tí kò tilẹ̀ ní odi ẹ̀wọ̀n!

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: wọn yóò ní àwọn jàǹdùkú yóò gbà á, pé àwọn ìyá oníàkàrà yóò sọ ọ́ di ọjà. Jàǹdùkú ń gba ibi tí ó ṣófo. Ní ti ìyá oníàkàrà, òun ni a ó kọ́kọ́ fún ní àyè, àtẹ àti omi, nítorí òun ni yóò mú kí àwọn yòókù dúró.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí ẹni tí ń du ipò ìjọba ìbílẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi í ní ibi tí aláboyún tí ó ti ọjà bọ̀ yóò jókòó sí, àti ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí ojúde ìlú yín ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí wọ́n ka àwọn tí ó jókòó, kí wọ́n ka àwọn tí ó wá ibi ìjókòó tí wọn kò rí, kí wọ́n sì ka iye obìnrin lọ́tọ̀. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí alága ìjọba ìbílẹ̀ yín.