Ẹ̀rọ Oníyàrá Mẹ́ta

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí kò ní irin, kò ní wáyà, kì í sì í mu epo. Bébà àti bírò ti tó láti fi kọ́ ọ. Ará ilẹ̀ Scotland méjì, William Kermack àti Anderson McKendrick, ló gbé e jáde ní 1927, lẹ́yìn tí jàǹbá kẹ́míkà ti fọ́ Kermack lójú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣírò bí àrùn tó ń ràn yóò ṣe rìn láàárín ìlú.

Yàrá mẹ́ta ló ní. Àwọn tí àrùn kò tíì mú wà ní yàrá kìíní. Àwọn tó ń ṣe lọ́wọ́ wà ní ìkejì. Ìkẹta ni ti àwọn tó ti bọ́ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n sàn tàbí wọ́n kú; ìṣirò kì í ṣọ̀fọ̀, ohun tó kàn án ni pé wọn ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. (Àrùn Ẹ̀bólà ba òfin yìí jẹ́. Òkú rẹ̀ ń ràn lọ́wọ́ ẹni tó bá wẹ̀ ẹ́, nítorí náà àwọn oníṣirò ní láti kọ́ yàrá mìíràn fún òkú tí a kò tíì sin.)

Ọgbọ́n ẹ̀rọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kìíní sí ìkejì. Iye aláìsàn àti iye ẹni tó ṣẹ́ kù láti mú ló jọ ń pinnu bí èrò ṣe ń yára gba ibẹ̀ kọjá. Níbẹ̀rẹ̀ aláìsàn ò pọ̀, àrùn á máa yọ́ rìn. Tó bá yá, á ràn bí iná ìgbẹ́ nígbà ọyẹ́. Nígbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ẹni tí aláìsàn ń pàdé ti ṣe é kọjá, àrùn á sì wá ẹni mú tì. Ìdí nìyí tó fi lè kásẹ̀ nílẹ̀ láì tíì kan gbogbo ìlú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní aláìsàn ń pàdé ènìyàn 10 lóòjọ́, tí ẹyọ kan nínú 20 ń kó o, tó sì ń rìn kiri fún ọjọ́ 4. Yóò pàdé 40, yóò kó o ran 2. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ; ní ìgbésẹ̀ kẹwàá, 1,024. Ṣùgbọ́n bí a bá ya aláìsàn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ láàárín ààbọ̀ ọjọ́, aláìsàn mẹ́rin ni yóò para pọ̀ kó o ran ẹyọ ẹnì kan. Àrùn bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án 2014, àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fi irú ẹ̀rọ yìí ṣírò pé ẹni tí Ẹ̀bólà yóò mú ní Lìbéríà àti Sàró lè tó 1.4 mílíọ̀nù kí oṣù kìíní 2015 tó parí, bí nǹkan kò bá yí padà. Gbogbo èyí tí wọ́n kà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lé díẹ̀ ní 28,600. Àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀sín. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín: ẹni tó pariwo kòtò fún awakọ̀ kò purọ́ nítorí pé mọ́tò kò já sí i.

Ní Èkó, ọ̀nà ààbọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n tọ̀ nígbà tí ọkùnrin kan gbé Ẹ̀bólà wọlé láti Lìbéríà ní oṣù keje 2014. Wọ́n wá àwọn tó farakàn án àti àwọn tó farakàn ẹni tó kó o lára rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, ní Èkó àti Port Harcourt. Wọ́n ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, wọ́n á yà á sọ́tọ̀. Ènìyàn 20 ló mú, 8 kú. Lẹ́yìn ọjọ́ 42 láìsí aláìsàn tuntun, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde ní 20 oṣù kẹwàá pé Ẹ̀bólà ti tán ní Nàìjíríà.