Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Yóò Gbọ́ Tẹnu Wa?



Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọ̀dọ́bìnrin aránṣọ kan ní Òmù-Àrán. Híjáàbù ni ó ń rán. Ìsọ̀ rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ó bá gbé fídíò iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn obìnrin láti Ẹ̀sìẹ́ títí dé Èkó ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó bá a pé wọ́n ti ti ojú ìwé rẹ̀ pa. Wọ́n ní ó rú òfin. Òfin wo? Fídíò wo? Wọn kò sọ. Àwọn àgbà wa sì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Òótọ́ ni pé ọjà kò lè wà láìsí òfin, nítorí oníjìbìtì àti oníṣọkúsọ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ń dá púpọ̀ nínú ẹjọ́ wọ̀nyí, ẹ̀rọ a sì máa ṣìṣe. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, òṣìṣẹ́ YouTube tí ń yẹ fídíò wò dín kù, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún náà, fídíò tí wọ́n yọ lé ní mílíọ̀nù 11. Nǹkan bí 320,000 péré ni àwọn tí ó ni wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lé lórí, nǹkan bí ìdajì nínú ìwọ̀nyí ni wọ́n sì dá padà.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa Mùsùlùmí pẹ̀lú. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá nì, shahid, ní ju ìtumọ̀ kan lọ: obìnrin tí ó kú lórí ìkúnlẹ̀ wà lára wọn, orúkọ ọmọ sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá lo ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí Meta, tí ó ni Facebook, ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹni eléwu, wọn a máa yọ ọ́, ìbáà jẹ́ oníròyìn ni ó ń ròyìn ikú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Oversight Board, ìgbìmọ̀ tí Meta fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, sọ pé òfin náà ti le jù. Ní oṣù Keje, Meta gbà láti dẹ̀ ẹ́. Ẹ ò rí i pé ó dára kí ènìyàn sọ̀rọ̀?

Onílé nìkan kọ́ ni ó lè ti ọjà yìí. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà yín sínú ìwé. Ẹ tọ́jú fídíò yín sí ibòmíràn. Ẹ má pa ìsọ̀ ọjà tì. Bí wọ́n bá sì ṣẹ̀ yín, ẹ má sunkún lásán, ẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kíákíá. Ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n sọ ẹ̀ṣẹ̀ yín fún yín, kí wọ́n gbọ́ tẹnu yín, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni yóò dá ẹjọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti onílé ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ yín àti oníbàárà tí ẹ fi òtítọ́ kó jọ, tiyín ni. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Àmín.