Ẹ̀rọ ni àbí irin? Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ dá jíìmù sílẹ̀ l'Ọ̀jọ́ kọ́kọ́ ra

Àwọn tó lè sanwó jíìmù kò wọ́n láti Ọ̀jọ́ dé Ìyànà-Ìbà àti Okokomaiko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ń gbé káàkiri àdúgbò náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tajà ní Alaba wà níbẹ̀, àwọn ará ẹ́sítéètì Ìbà náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kò fọwọ́ kan irin rí. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ló máa ń tètè sá lọ. Bí ẹ̀yìn bá ti ń dùn ún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò ní í wá bá ẹnikẹ́ni jà, kò kàn ní í san ti oṣù kejì ni.

Nítorí náà, ohun tí oníṣòwò bá kọ́kọ́ rà ṣe pàtàkì. Ṣé ẹ̀rọ ni, èyí tí wọ́n ń jókòó sí, tí wáyà ń fa ẹrù inú rẹ̀ lọ sókè sódò lójú ọ̀nà kan ṣoṣo? Àbí irin lásán, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n ń ki àwo irin sí létí méjèèjì, àti dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fọwọ́ kan gbé?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé gbogbo ẹ̀rọ jíìmù ló ń lo iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ oníwáyà kò nílò iná rárá. Èyí tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀, treadmill, ló ń jẹ iná bí ẹní jẹ ẹ̀pà. Alẹ́ tí èrò máa ń pọ̀ sì ni iná lè lọ, ni jẹnẹrétọ̀ bá dé. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ẹni tó bá kó treadmill mẹ́ta sílé mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ní ti ara oníbàárà fúnra rẹ̀, ìjà kò tó nǹkan. Àwọn onímọ̀ kan kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023 nínú ìwé ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní BMC Sports Science, Medicine and Rehabilitation. Wọ́n rí i pé iṣan ẹni tó ń lo ẹ̀rọ àti ti ẹni tó ń gbé irin kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní títóbi, àyàfi pé nígbà tí wọ́n fi irin dán wọn wò, ẹni tó ti ń gbé irin ló ṣe dáadáa jù. ACSM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìdárayá ní Amẹ́ríkà, ti sọ ní 2009 pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa lo méjèèjì. Àpò onílé jíìmù gan-an ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Ní 1970, nígbà tí Arthur Jones bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ Nautilus ní Amẹ́ríkà, ohun tó fa ojú àwọn oníṣòwò mọ́ra ni pé ẹ̀rọ ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó. Kò sí irin tó máa já lé e láyà, kò sì nílò ẹni tí yóò dúró tì í ní gbogbo ìgbà. Lédè mìíràn, ẹ̀rọ ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ olùkọ́. Irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì méjì péré lè ṣiṣẹ́ fún apá, èjìká, àyà àti ẹsẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ kan gba igun yàrá kan nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò fi han akọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ gbé e. Owó tí oníṣòwò kò fi ra ẹ̀rọ, kó má tíì kà á sí èrè. Owó oṣù olùkọ́ ni.

Fún ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀, irin ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn wẹ́dà àdúgbò lè fi páìpù tó nípọn ṣe bẹ́ǹṣì àti ibi tí ọ̀pá yóò gbé lé, kí ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ méjì sì kọ́kọ́ jókòó lé bẹ́ǹṣì náà kó tó sanwó. Àwọn kan ṣì ń fi símẹ́ǹtì kún agolo, wọ́n á ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Kò burú, bí wọ́n bá gbé apá méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Bí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì lọ, ọrùn ọwọ́ oníbàárà ló máa sọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé àwo ńláńlá ni wọ́n ń kó jọ kí ilé lè gbayì. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń díje lókè òkun nìkan, kò tíì sí àwo lórí rẹ̀, kìlógíráàmù 20 ni fún ọkùnrin, 15 fún obìnrin. Ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́ kò lè gbé ìyẹn dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì kéékèèké, láti kìlógíráàmù méjì sókè, ló ń mú wọn padà wá, pàápàá àwọn obìnrin. Ẹni tó bá sì ní irin kò bá obìnrin mu, kó rántí Folashade Oluwafemiayo, tó sùn lórí bẹ́ǹṣì gbé ọ̀pá irin, tó gba wúrà fún Nàìjíríà nínú ìdíje Paralympics Tokyo ní 2021, tó tún gbà á ní Paris ní 2024.

Nígbà tówó bá ń wọlé, ẹ̀rọ méjì ló tó fún ìbẹ̀rẹ̀: èyí tí wọ́n ń fà wálẹ̀ láti òkè, nítorí akọ́ṣẹ́ díẹ̀ ló lè fọwọ́ fa ara rẹ̀ sókè lórí igi, àti èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tì, tí àwọn àgbà ẹ́sítéètì tí orúnkún ń yọ lẹ́nu yóò fẹ́ràn. Bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ ni, kí ẹni tó fẹ́ rà á fi ọwọ́ ra wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tó bá ti ń tú fọ́nrán, wọn a máa já nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Kó wo ìdí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, nítorí irin tó ti dípẹtà lábẹ́ ọ̀dà tuntun pọ̀ nínú ọjà.